Èyí Ń Ké

Fóònù rẹ tó ké yẹn ló rán mi létí ayálégbé wa kan l'Ókòta. Ẹ̀rọ tó ń ka ìgò ló ń ṣọ́ ní ilé iṣẹ́ kan n'Ísọlọ̀. Bí ìgò bá ti pé, ẹ̀rọ yẹn ò ní kà mọ́, á wá ké pé kó dá ìgò tó ń bọ̀ dúró. Bí nǹkan bá ké nílé, á dìde tòun ti òkèlè lọ́wọ́: "Ó ti pé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ fi àkísà dí ẹnu aago ẹ̀rọ náà kó má bàa dí àdúrà lọ́wọ́. Wọ́n ṣe àmín tán, wọn ò rántí yọ ọ́. Ayálégbé wa ń retí igbe aago. Ìgò gun ara wọn, wọ́n fọ́ sí i lójú méjèèjì.

Títí tó fi kú, bí fóònù bá ké, á ṣì dìde. Ìyàwó ẹ̀ á ní, "Fóònù ni, ẹ jókòó jàre."

Á ní, "Èyí ń ké. Tèmi ò ké."