Ìmọ́lẹ̀ Lésà àti Ojú Ìyá Ọkọ Mi

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Erinje. Inú ìwé ìròyìn òyìnbó kan tó ti gbó ni mo ti ka ọ̀rọ̀ lésà: ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tí kì í fọ́n ká, tí àwọn dókítà òkè òkun ti fi ń tún inú ojú ṣe. Ojú ewé méjì péré ni, ìdajì rẹ̀ kò sì yé mi. Ta ni mo jẹ́ kó mọ̀? Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ìdí ẹkù tí wọ́n ti ń ṣe epo, lésà ni mò ń sọ kiri, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Nǹkan funfun ti bo ojú ọ̀tún ìyá ọkọ mi. Ti òsì ni wọ́n fi ń ríran. Lọ́jọ́ kan, nídìí ẹkù, wọ́n dá mi dúró lójú gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìmọ́lẹ̀ tó ò ń sọ yẹn, ṣé bí oòrùn ṣe ń yọ́ epo tó bá dì lọ́yẹ́ ló ṣe ń yọ́ nǹkan ojú?"

N kò mọ̀. Kí n sọ bẹ́ẹ̀, ó tì. Tísà ni mí, àbí?

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màmá."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Màmá ń jókòó sẹ́yìn ilé ní ojoojúmọ́, wọ́n kọjú sí oòrùn. Mo rò pé òtútù ló ń mú wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í táràrà wá ife tó wà níwájú wọn ni mo tó bi wọ́n léèrè.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ lo ní oòrùn ń yọ́ ọ? Mo ń wò ó dáadáa. Ó máa yọ́."

Yéè! Ojú méjèèjì ni wọ́n là sí i.

Ní ọsibítù, dókítà òyìnbó ni a bá, èmi ni mo sì ń ṣe ògbufọ̀. Ó yẹ ojú òsì náà wò, ó mi orí. Ó ní kí n bi Màmá pé ta ló ní kí wọ́n máa wo oòrùn. Mo bi wọ́n. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Màmá kọjú síbi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi. "Sọ fún un pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Orí ara mi ni mo fi rò ó."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. N kò yọ nǹkan kan kúrò, n kò sì fi nǹkan kan kún un.