Ẹ́ńsáìmù Tí Kò Gbààwẹ̀

Òórùn ògì tó ń hó lórí iná ló máa ń dà mí láàmú jù nínú ààwẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní Agbowó, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbààwẹ̀ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ti ṣèlérí pé bí mo bá lè parí rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni n ó ti ṣínu, kì í ṣe orí ẹní àwọn ọmọdé mọ́.

Màmá mi po ògì tó ki dáadáa, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n dé e. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i nírọ̀lẹ́, ó ti di omi. Kò sí ìyá tí kò mọ ohun tó fa ìyẹn: ẹnìkan ti lá ṣíbí, ó sì tún tì í bọ inú abọ́. Èmi nìkan ni mo sì wà nílé lọ́sàn-án, èmi pẹ̀lú Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tí dókítà ní kí wọ́n má gbààwẹ̀, kí wọ́n má sì fẹnu kan ṣúgà. Àwọn ń hanrun lórí àga ní tiwọn.

"Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo," ni màmá mi wí, wọ́n tẹjú mọ́ ètè mi.

Mo búra, mo sunkún. Àfi bí mo ṣe rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Lásísì, tó ń kọ́ nípa bí ara ṣe ń lo oúnjẹ ní yunifásítì. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ká okùn ìsáṣọ mọ́ra gúlúgúlú tó ní, "Bí ẹ́ńsáìmù inú itọ́, ohun tó ń da oúnjẹ, ṣe rí nìyí. Ṣé o rí kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí? Ojú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ògì ń bọ́ sí tó fi ń gé e wẹ́wẹ́ títí á fi domi. Ìyókù okùn, kó di kòtò náà mú ni, kó má baà ya."

"Ẹ jẹ́ kí n tutọ́ sínú ògì mìíràn!" ni mo ké. "Mo gbààwẹ̀! Kòtò tèmi ti pa dé, kò lè sọ ògì domi!"

Wọ́n ti pe ìrun. Bàbá mi na èso dàbínù sí mi. "Ṣínu jàre. A kì í fi ìṣínu falẹ̀." Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo tutọ́ sínú ògì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo rò ó, gbogbo wa jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi ń ṣàn bí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Àbúrò mi, ẹ́ńsáìmù kì í gbààwẹ̀! Itọ́ lèmọ́mù pàápàá á sọ ògì yìí domi."

Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí tako ara rẹ̀."

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà wúkọ́ lórí àga. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èmi ni mo lá a."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Ọ̀rọ̀ dókítà ńkọ́?" ni bàbá mi wí.

"Dókítà ò sí nílé."

Bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn ki dàbínù náà bọ̀ mí lẹ́nu, wọ́n sì sún fún mi lórí àga.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbà pé bí òun bá ti pinnu, gbogbo ẹ̀yà ara òun ti gbọ́ nìyẹn. Mo ti wá dàgbà, mo mọ̀ pé àwọn kòtò tí ojú mi ò lè rí ń ṣiṣẹ́ nínú mi láìbéèrè àṣẹ, bí mo gbààwẹ̀, bí mo sùn. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ǹ bá ti gbàgbé.