Bí Mo Ṣe Di Alárinà ní Òkè Ìdáàṣà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ìbàdàn. Ọkọ mi ló gbé àpò mi dé ìdíkọ̀, ó sì ń kùn pé obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kò yẹ kó tún máa sáré kiri. Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìní, tí mò ń wọ ilé onílé, tí mò ń béèrè ohun tí kò kàn mí. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, wọ́n ní kí n wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣì kù nílẹ̀.

Ìyá Ìdáàṣà la máa ń pè é. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú, ògiri yàrá tó ń gbé sì ti ń là. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló fi ọkọ àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kèrè, ní ilẹ̀ Ìdáàṣà ní Dàhòmì, tó bá oníṣòwò aṣọ kan sá wá sí Ìbàdàn. Kò padà délé láti ìgbà náà. Ó fẹ́ lọ fi ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ sinmi láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kù, ó sì ti sọ fún mi pé òun kò ní wọ ibẹ̀ láàyè. Mo ní màá kọ́kọ́ lọ wo ilé náà wá kí yunifásítì tó wọlé.

Ní Ìdí-Ìrókò, àwọn dúwánì, ìyẹn àwọn aṣọ́bodè ti Dàhòmì, tú àpò mi délẹ̀. Wọ́n rí búrẹ́dì àti bíbélì, wọ́n sì wò mí bí ẹni tó já wọn kulẹ̀. Mo sùn ní Kútọnu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ bàṣé, mọ́tò kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì jókòó síwájú lọ́dọ̀ awakọ̀. Ọwọ́ òsì là ń gbà nílé, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá dojú kọ wá ni mò ń fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níwájú mi, títí awakọ̀ fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n má tẹ mọ́tò òun wọlẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀dà tán, erùpẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Ní Paouignan, àwọn obìnrin gbé gaàrí àti ọsàn sáré wá bá wa. Fáráǹkì márùndínlọ́gbọ̀n ni mo ra ọsàn mẹ́wàá, awakọ̀ sì bá mi jẹ mẹ́fà níbẹ̀.

Ó ní, “Màdámù, ẹ ti pẹ́ jù. Oṣù Ágọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá ṣe àdúrà ní ihò àpáta Màríà ní Àrígbó.”

“Kì í ṣe àdúrà ni mo bá wá. Ilé Bàbá Lúwíì ní Kèrè ni mo fẹ́ lọ wò fún obìnrin kan.”

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. “Wúì, ó ti yé mi.”

Inú mi dùn pé ó yé e. N kò mọ̀ pé ọmọ Kèrè ni, n kò sì mọ̀ pé kò ní sùn kó tó ròyìn.

Lẹ́yìn náà ni òkè Ìdáàṣà yọ. Òkúta lórí òkúta, ilé láàárín wọn. Àwa tí à ń fi Olúmọ yangàn, ẹ jẹ́ ká rọra.

Mo sùn sílé oníṣọ́ọ̀bù kan ní ìgboro Ìdáàṣà. Nígbà tí mo dé ilé náà ní Kèrè láàárọ̀, wọ́n ti gbálẹ̀ títí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ewúrẹ́ mẹ́ta wà lórí ìso, àga tìmùtìmù kan wà lábẹ́ igi. Bàbá Lúwíì ló ni ilé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìdáàṣà ni. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Ọ̀dílì, ń gúnyán. Àbúrò Bàbá Lúwíì, Mísẹ́lì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù dúdú, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún, kò sì tíì gbéyàwó.

Iṣẹ́ wẹ́fíà ti kọ́ mi pé kí n má tètè dárúkọ ẹni tí mo bá wá, kí onílé má baà múra fún mi. Nítorí náà mo ní, “Obìnrin kan ló rán mi láti Ìbàdàn. Ó ń rò ó pé kóun wá máa gbé lọ́dọ̀ yín.”

Wọ́n wo ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mi. Ṣé àìsàn kan wà nínú ìdílé? Ta ló ń mutí? Ta ló ń pariwo lóru?

Bàbá Lúwíì ní, “Mísẹ́lì kì í mutí.” Màmá Ọ̀dílì ní, “Mísẹ́lì kì í pariwo.” Ó yà mí lẹ́nu, àfi bí ẹni pé Mísẹ́lì nìkan ló ń gbé ilé náà.

Mo ní, “Kò lè ṣiṣẹ́ oko o.”

Màmá Ọ̀dílì dá ọmọ odó dúró. “Kò burú. Mísẹ́lì á dá a ro.”

“Bí ara rẹ̀ kò bá yá ńkọ́?”

“Mísẹ́lì á pọ̀n ọ́n lọ sí dísípáńsà.”

“Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Eyín rẹ̀ náà kò pé.”

Bàbá Lúwíì wo Mísẹ́lì. Mísẹ́lì wolẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Dakọ́. Mo gbà.”

Ìgbà yẹn ni Màmá Ọ̀dílì rọra bi mí pé, “Ọmọ ọdún mélòó tilẹ̀ ni?”

“Á ti tó ọgọ́rin.”

Mísẹ́lì dìde, ó bọ́ kóòtù, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ojú mi wá là: awakọ̀ ti ròyìn fún wọn pé ọ̀rọ̀ ìyàwó fún Mísẹ́lì ni mo bá wá. Ìbéèrè tí mò ń béèrè wọ̀nyẹn gan-an ni ìdílé ọkọ àti ti ìyàwó ń béèrè, nílé wa àti níbẹ̀, kí wọ́n tó fọmọ fún ara wọn. Èmi olùkọ́ yunifásítì ti jókòó bí alárinà látàárọ̀. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sì sọ orúkọ Ìyá Ìdáàṣà àti bó ṣe kúrò nílé.

Mo rántí ìtìjú tí obìnrin náà fi sílẹ̀ fún wọn, mo sì rò pé mo ti fi ọgbọ́n mi ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Lúwíì ní, “Tàǹtí mi ṣì wà láyé?”

“Ó wà láyé.”

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Màmá Ọ̀dílì, ẹ dá ewúrẹ́ àti àga padà fún àwọn tó ni wọ́n.” Ó wá kọjú sí mi. “Màdámù, ṣé wọ́n máa ń wádìí ilé fún onílé ni? Ẹ ní kó máa bọ̀.”

A jẹ iyán náà, iṣu tuntun, ó dùn. Mísẹ́lì padà wá jẹun, ó sì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ, bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí yunifásítì wọlé, ohun tí mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé ẹni tó bá wọ ilé onílé, kó tètè sọ ẹni tó bá wá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kò mọ ohun tó fà á.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dé láti Ìdáàṣà, kí n tó délé ọkọ mi rárá, mo yà lọ́dọ̀ Ìyá Ìdáàṣà. Kò kí mi káàbọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Kí ni wọ́n béèrè nípa mi?”

Mo ní, “Wọn kò béèrè nǹkan kan, ìyá. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀.”

Ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò.