Kámẹ́rà Tí Ìyá Fótò Gbé Lọ Bá Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ìyá Fótò fi ń ya àwòrán nínú yàrá kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́, àwòrán pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà. Àwọn tó ń yà ń rìnrìn àjò. Òun kì í lọ síbì kan. Kámẹ́rà rẹ̀ wúwo bí ọlọ, láti ìgbà tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti ṣẹ́ ni kò ti lè gbé e kúrò lórí ẹsẹ̀ irin.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é láti ìlú tó jìnnà. Kókó burúkú kan ló wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Lọ́la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì bá a lọ.

"Wá ya ojú mi," ni ẹ̀gbọ́n wí, "kí wọ́n tó gé e."

Aago kan ni ọkọ̀ ìlú náà máa gbéra. Aago méjìlá ti kọjá nígbà tí Ìyá Fótò já wọ ilé ìtajà kámẹ́rà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Òǹtajà gbé méjì síwájú rẹ̀, àwọn kékeré ìgbàlódé tí kò ní dígí nínú bíi ti àtijọ́, tí kò sì wúwo. "Ẹ mú èyí, Mà. Òun ni ọ̀gá wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ paná."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ yí, àmọ́ ó paná. Nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì yẹn, Ìyá Fótò kọ ojú ọ̀gá kámẹ́rà sí òǹtajà. Kámẹ́rà náà ń wá ẹyinjú ọkùnrin náà kiri kó tó lè yà á, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó dún kàà!

"Èyí á jí gbogbo aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù."

Ìkejì rí ẹyinjú lójú ẹsẹ̀, kò sì dún rárá. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwòrán ti ń hàn, ṣeé ṣí sókè. Ó gbé e dání títí, ọrùn ọwọ́ kò ro ó.

"Bátìrì tiẹ̀ kì í pẹ́ kú o," ni òǹtajà wí.

"Ẹ fún mi ní bátìrì méjì."

Ó bá ọkọ̀ níbi tó ti ń gbéra.

Ní ìrọ̀lẹ́, ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri.

"Mo ti yí ọkàn padà. Má yà mí."

 Ìyá Fótò jókòó, ó gbé kámẹ́rà lé itan, ó ṣí ojú ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.  Ìṣẹ́jú ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ já sí gọ́tà pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé?"

Èjìká ẹ̀gbọ́n ń gbọ̀n. Bóyá ẹkún ni, bóyá ẹ̀rín ni, kò mọ̀. Lójijì ni ẹ̀gbọ́n yíjú padà.

"Irọ́! Ìwọ lo tì mí!"

Ìka Ìyá Fótò tẹ kámẹ́rà. Nọ́ọ̀sì ní àsìkò ti tó.

Lọ́jọ́ kejì, wákàtí méje ni iṣẹ́ abẹ náà gbà. Lórí àga gbọọrọ ìta, Ìyá Fótò kò lè jẹ, kò lè mu. Nígbà tí dókítà jáde, ó lọ pàdé rẹ̀.

"Ó yè é," ni dókítà wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tú báńdéèjì. Ẹ̀gbọ́n wo dígí, ó wo àwòrán tí àbúrò yà, ó tún wo dígí. Kò tíì lè sọ̀rọ̀, ó bá na ọwọ́ fún bírò. Àbúrò na ọrùn wo ohun tó ń kọ:

"Irun mi rí wúruwùru báyìí nínú fótò, o ò sọ fún mi!"