Òórùn Tí Bàbá Mi Ń Gbé Wálé

Iṣẹ́ bàbá mi ni pé kó mú gáàsì rùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gáàsì tí a fi ń dáná kò ní òórùn tirẹ̀. Bó bá ń jò, imú kò ní mọ̀, àfi ìgbà tí ẹnì kan bá ṣáná sí i. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń po omi oògùn kan mọ́ ọn ní ilé-iṣẹ́ wọn. Ó ń rùn bí ẹyin òbu, kí èèyàn lè tètè sá jáde.

Bó bá ta sí aṣọ, ó parí, apá ọṣẹ kò ká a. Òun alára kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ó ti mọ́ ọn lára. Ó bẹ ọ̀gá wọn títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé kí wọ́n kọ́ balùwẹ̀ síbi iṣẹ́, kí òun lè máa wẹ̀, kí òun sì pààrọ̀ aṣọ kí òun tó wálé. Ọ̀gá ní kó ṣe sùúrù. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń ṣe sùúrù! Inú ọkọ̀ ńkọ́? Gbogbo èèyàn á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹ̀mí wọn," ni yóò máa kùn, "èmi náà ni wọ́n ń yínmú sí."

Àwa nílé kò sàn jù wọ́n lọ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni màmá mi ní kó ti máa bọ́ aṣọ iṣẹ́. Bí ibẹ̀ bá ti ń rùn, a mọ̀ pé bàbá ti dé nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òórùn náà gba gbogbo ilé. Mo fi ìrọ̀rí bo imú, mo ń ka ìwé mi lọ. Màmá mi fẹ́ gbé omi kaná, ó kígbe láti ilé ìdáná: "Bàbá ilé yìí, ẹ lọ wẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Ilẹ̀kùn iwájú ni ohùn bàbá mi ti dáhùn. "Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni. Ó ti tó wákàtí kan tẹ́ ẹ ti ń rùn mọ́ wa."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni."

Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré. Màmá mi ti mú igi ìṣáná kan jáde. Bàbá mi gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ti gáàsì pa, ó wọ́ àwa méjèèjì jáde síta.

Ẹkún ìbínú ló ń sun níbẹ̀. "Gbogbo ayé ń gbóòórùn yìí, wọ́n ń sá. Ilé tèmi nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń ní bàbá ti dé."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò bẹ ọ̀gá mọ́. Ó gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lé tábìlì ọ̀gá, ó ní, "Ẹ bá mi gbé e lọ sílé yín."