Ohùn Màmá Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, arábìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé wọn fún mi. Ó ní tí àwọn bá ti tàn án, ọ̀rọ̀ funfun kan á kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀ tó dúdú, á ní kí àwọn kó ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Mo bi í pé kí ni wọ́n wá ń ṣe sí i. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí la fẹ́ ṣe, Màmá Mofẹ́? A kàn ń tẹ F1 ni, á sì wọlé."

A kàn ń tẹ F1 ni! Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí, torí èmi náà tẹ bọ́tìnì F1 yẹn fún oṣù mẹ́jọ gbáko.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ẹ̀rù tètè máa ń bà mí lórí ọmọ. Mofẹ́ nìkan ni mo bí, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Àbújá níbí la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bá a sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá yín lóhùn. Mi ò fún un ní fóònù. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí ọkọ mi rà ní àlòkù ló ń lò. Pálọ̀ ni mo gbé e sí, kí n lè máa wo ohun tó ń wò láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Màmá mi ní Ìkìrun kò mọ̀wé kọ. Voice note ló máa ń fi ránṣẹ́ sí Mofẹ́ lórí fóònù mi. Á kì í, á pa àlọ́ fún un, á sì tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Àbújá! Ṣé o ti jẹun, àbí búrẹ́dì lo tún ń họ jẹ bí eku?" Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ yìí! Láràárọ̀, kó tó lọ sílé ìwé, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀kan.

Nígbà tí fóònù mi kún, mo kó gbogbo ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà. Mọ́kàndínlọ́gọ́fà ni wọ́n. Mo fún ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọjọ́ tó wọlé: àlọ́ ìjàpá, oríkì Àbẹ̀kẹ́, Màmá ń kọrin. Mo wá pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù. Ọkọ mi ní ká tún kó wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní rárá o! Kí àwọn gbájúẹ̀ wá máa jí ohùn àti fọ́tò ọmọ mi? Mo rò pé ààbò ni mò ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá ṣaláìsí. Ohùn rẹ̀ ló ṣẹ́kù fún wa.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìsìnkú tí ọ̀rọ̀ funfun náà yọ. Ó ní hard disk fẹ́ bàjẹ́, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú gbogbo ohun tí a bá kó sínú rẹ̀. Ó ní ká tètè kó wọn jáde, tàbí ká tẹ F1 ká máa bá iṣẹ́ wa lọ. Mo tẹ F1. Ó wọlé. Oríkì ń dún. Kí ló tún kù? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí Mofẹ́ má lọ tẹ nǹkan mìíràn. Ni mo bá fi bírò pupa kọ ọ́ sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ náà: TẸ F1 NÌKAN. MÁ TẸ OHUN MÌÍRÀN.

Èmi tí mo máa ń ka ara páálí oògùn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fún ọmọ! Nínú ìkìlọ̀ yẹn, apá tó rọrùn nìkan ni mo mú.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń gbá irin. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, kò wọlé mọ́. Mo pa á, mo tún tàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo kà á. Mofẹ́ dúró tì mí pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù àti báàgì lẹ́yìn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ṣé Grandma kò ní sọ̀rọ̀ lónìí ni. Mo ní kó máa lọ, kó má baà pẹ́.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà láti ilé wa ní Karmo lọ sọ́dọ̀ Mallam kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Wuse. Orí itan ni mo gbé e lé nínú takisí, mo fi ìborùn wé e bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

"Sannu, Madam," ni Mallam fi kí mi. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí pépà mi. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ F1.

"Kai! Who write this one?"

Mo ní èmi ni. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní oṣù mẹ́jọ. Ó mi orí, kò sì bú mi. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Ó ṣàlàyé pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà ti ń bẹ̀ mí. Ká ní mo ti ki flash bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní títàn tí mo ń tàn án léraléra nígbà tó ti ń dún yẹn ló bà á jẹ́ kọjá ààlà. Àmọ́ ó ní òun á gbìyànjú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí. Fọ́tò Mofẹ́ yọ, ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi yọ. Orúkọ tí mo fún àwọn ohùn Màmá yọ, mọ́kàndínlọ́gọ́fà, kò dín kan! Mo ti ń dúpẹ́ kí Mallam tó na ọwọ́ sókè pé kí n dúró ná. Ó tẹ àkọ́kọ́. Kò dún. Ó tẹ ìkejì. Kò dún. Orúkọ ló jáde, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ gbogbo wọn wò. Kò bínú, ó tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀. Kì í ṣe oríkì, kì í ṣe àlọ́. Ìgbà tí Màmá kò mọ̀ bóyá fóònù ti ń gba ohùn òun sílẹ̀ ni:

"Ṣé ó ti ń gbà á? Ẹ má jẹ́ kí n máa dá sọ̀rọ̀ o. Àbẹ̀kẹ́? Àbẹ̀kẹ́, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Ó parí síbẹ̀.

Mo gbà á sórí fóònù mi, mo gbé e délé fún Mofẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un, pé èyí nìkan ló ṣẹ́kù, pé ẹ̀bi mi ni. Bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò rán mi létí ohun tó ti sọ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà kò sunkún. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹnu sún mọ́ fóònù.

"Mo ń gbọ́ yín, Màmá."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú mi.

Ohun tí mo kọ́ kò le. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ń kìlọ̀, ẹ ka ìkìlọ̀ náà dé òpin. Ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ràn jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi sí ibi méjì. Tí ó bá ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin ẹbí àti ará Ìkìrun tí Màmá ti fi ohùn ránṣẹ́ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú fóònù yín. Ì báà jẹ́ pé ó kàn kí yín lásán ni, ì báà jẹ́ ọjọ́ tó ń bá yín jà. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.