Ẹnjiníà Reuben àti Ẹ̀rọ Tó Ń Febi Pa Ológbò Màmá Kọ̀yà

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ fi mọ olóògbé Reuben Ọlábímtán jù ni ti ọjọ́ tó bá ẹ̀rọ jà nítorí ológbò. Ọ̀sán gangan ni, nínú ilé Màmá Níyìọlá Kọ̀yà, lókè ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, ní Àpápá. Ẹnjiníà dojú bolẹ̀ gbalaja lórí táìlì, ó gbé ojú kan lé ihò ẹ̀rọ náà, ó ní: "Ìwọ, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Èmi tí mo ti ń tún kíréènì ṣe ní wọ́ọ̀fù kí bàbá ẹni tó ṣe ọ́ tó gbéyàwó! Da oúnjẹ sílẹ̀!" Ológbò náà, Dúdúyẹmí, tó dúdú bíi kóró iṣin, jókòó tì wọ́n, ó ń wo ẹ̀rọ, ó ń wo Ẹnjiníà. Ẹ̀rọ kò dáhùn. Nígbà tó pẹ́, ológbò ló kọ́kọ́ dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Màmá Kọ̀yà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Opó ni, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn oníkọ̀ ojú omi. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, débi pé ó máa ń kí kóòtù tó kọ́ sára ìlẹ̀kùn pé "ẹ káàárọ̀, sà." Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní nítorí ìtọ̀ ṣúgà tó wà lára rẹ̀, yóò lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, bí kò bá sì wá lọ́jọ́ náà, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú rẹ̀ á lọ pátápátá.

Màmá ní òun kò lọ.

"Ta ni yóò fún Dúdúyẹmí lóúnjẹ? Mi ò sì ní sọ ọ́ di ẹrù sórí ẹnikẹ́ni."

Linus tó ń ṣọ́ géètì nìkan ló tún ń sùn nínú ọgbà náà, Linus sì ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún un: "Mama, I fit guard trailer, I fit guard container. Black cat, I no fit."

Ni Kọ́láwọlé, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Toronto, bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Ẹ ó da oúnjẹ ológbò kún ikùn rẹ̀, ẹ ó fi fóònù dá aago fún un, tó bá ti di aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, á da ìwọ̀n tó yẹ sínú àwo fúnra rẹ̀. "Màmá, àwáwí ti tán," Kọ́láwọlé wí lórí fóònù. Òótọ́ ni, àwáwí tán, àmọ́ oúnjẹ kò dé. Aago mẹ́fà á lù, àwo á ṣófo. Iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Màmá wá fi ìbúra lé e pé àfi bí ẹ̀rọ náà bá bọ́ ológbò òun fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìtàsé ni òun yóò tó gbé àpò òun. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà nìyẹn.

Kò sí iléèwé tó fún un ní oyè Ẹnjiníà o. Òun ló fi jẹ ara rẹ̀, a sì bá a gbà á, torí pé ẹni tó bá pè é ní Bàbá Reuben, iṣẹ́ rẹ̀ á pẹ́ kó tó ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ iná ní wọ́ọ̀fù. Kò sí ohun tí kò lè tú. Dídì í padà ló máa ń mú àríyànjiyàn wá. Òun ló tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe lọ́dún kan. Nígbà tó di pé pásítọ̀ ń pe àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ wá síwájú pẹpẹ, ohùn ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi rédíò ọwọ́ darí trélà ní ibùdókọ̀ Coconut gba inú ẹ̀rọ náà jáde: "Reverse! Reverse! You no dey hear? Go back!" Ọkùnrin méjì tó ti dìde padà jókòó. Ẹnjiníà ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, ẹ̀rọ náà ló lágbára jù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé Màmá Kọ̀yà, ó ní iná ni. Linus sọ fún un pé sólà ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ń lò, iná kì í lọ. Ó yọ bátìrì inú ẹ̀rọ náà sápò, ó ní kápútéènì méjì kì í wà nínú ọkọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló wo fóònù Màmá dáadáa, ó sì pariwo. Aago Toronto ni Kọ́láwọlé fi dá oúnjẹ! Mẹ́fà àárọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, mọ́kànlá ni níbí. "Ṣé ẹ rí i? Ológbò Àpápá ni wọ́n ń bọ́ bí ẹni pé Kánádà ló ń gbé!" Wọ́n tún aago ṣe, ẹ̀rọ da oúnjẹ lójú gbogbo wọn, Màmá sì pàtẹ́wọ́. Ẹnjiníà lọ sílé bí ẹni tó jẹ oyè.

Lọ́jọ́ kejì, àwo ṣófo.

Ó padà wá. Ó tọ́ oúnjẹ ológbò náà wò, ó sì tu ú dànù. "Ta ni yóò jẹ irú èyí? Ẹ̀rọ gan-an ń kọ̀ ọ́." Ó lọ edé gbígbẹ, ó pò ó mọ́ ọn. Edé fa omi inú afẹ́fẹ́ òjò oṣù Keje, ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò bí àtè. Ó fi ọjọ́ kan gbáko ha á kúrò. Ìgbà tó ha á tán ló dojú bolẹ̀ tó ń bi ẹ̀rọ léèrè ọjọ́ orí. Níkẹyìn ẹ̀rọ náà dá a lóhùn, ó da oúnjẹ. Inú wọn dùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwo tún ṣófo.

Ohun tó ń ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu nìyí: bí Ẹnjiníà bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́. Bó bá ti lọ, ó parí. Màmá ní bóyá ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà á. Ẹnjiníà gbà pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ku ọjọ́ mẹ́rin. Màmá Kọ̀yà ti ní kí Linus bá òun pe dókítà pé òun kò wá mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ẹnjiníà jókòó ti ẹ̀bà nílé, kò lè jẹ ẹ́. Josephine ìyàwó rẹ̀ ṣí fíríìjì, ó sì fi ọwọ́ bo imú.

"Bàbá Ṣayọ̀! Ẹ tún ti pa fíríìjì! Ẹ wo ẹja mi!"

"Ẹni tó bá ń jáde nílé, kó pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ogójì ọdún ni mo ti ń sọ ọ́. Iná lè dé pẹ̀lú agbára."

"Ẹ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ pa á. Ẹ ń lọ ra káàdì, ẹ pa á. Ẹ máa pa ojú oòrùn náà bí ọwọ́ yín bá tó o! Àbí bí ẹ ṣe ń ṣe ẹ̀rọ ológbò Màmá yẹn náà nìyẹn?"

Ẹnjiníà gbé àwo ẹ̀bà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ta ló ń gbé Èkó tí kì í pa gbogbo nǹkan lára ògiri kó tó jáde? Tẹlifíṣọ̀n mélòó ni iná tó dé lójijì ti jó? Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Bó bá ti tún ẹ̀rọ ṣe tán, tó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, á pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, á dágbére. Màmá kò ríran rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ti yọ bátìrì tí ì bá gbà wọ́n sílẹ̀.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó dé Creek Road, ó fi bátìrì padà, ó tan súìṣì, ó sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí ọwọ́ tirẹ̀ má baà tún dé e.

"Màmá, mo ti rí ẹni tó ń bà á jẹ́."

"Ta ni, Ẹnjiníà?"

"Ẹ fi sílẹ̀. Mo ti bá a wí."

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta láìtàsé. Màmá gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó padà dé pẹ̀lú ojú tó ń ríran, ó bá Dúdúyẹmí tó sanra kalẹ̀. Ẹnjiníà ní kí ó má lo ẹ̀rọ mọ́, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó sì gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ń yìn ín lórí ẹ̀rọ yẹn, á yí ọ̀rọ̀ padà. A rò pé ti súìṣì ló ń tì í lójú, torí Josephine ti ròyìn rẹ̀ ká gbogbo àdúgbò.

Lọ́dún tó kọjá, Ẹnjiníà sùn, kò jí. Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó sábẹ́ kánópì níwájú ilé rẹ̀, à ń sọ ìtàn rẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Màmá Kọ̀yà ní kí a ṣáà má gbàgbé pé ẹ̀rọ tó tún ṣe yẹn bọ́ ológbò òun fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Linus dìde láti ẹ̀yìn. "Mama, abeg, no vex. That machine no reach fourteen days. The third night after you go hospital, ant enter am because of that crayfish, e burn finish. Engineer carry am go everywhere, nobody get the part. Na him come dey feed the cat with him hand. Six o'clock morning, six o'clock evening, eleven days. The day wey rain no gree any kẹ̀kẹ́ move, he trek from Ajégúnlẹ̀ with that him bad leg. The cat tear him hand well well."

"Wáyà!" Josephine kígbe. "Wáyà ló ní ó ha òun lọ́wọ́!"

Màmá Kọ̀yà kọjú sí Linus. "Ojoojúmọ́ ni mo ń pè ọ́ láti ilé ìwòsàn."

"Mama, you dey ask me say e don chop? I say e don chop. I no lie. He beg me make I no talk. He say if you hear, you go comot bandage, come down from bed come house."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Màmá ì bá ṣe. Ẹnu yà wá. Ọkùnrin tó máa ń fi búlọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó pààrọ̀ fọ́nnu fún oṣù kan, ó gbé èyí lọ sí sàréè láìsọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó dùn mí pé a kò mọ̀ nígbà tó wà láàyè, à bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá Kọ̀yà dìde. Ó lọ bá àwòrán Ẹnjiníà tó wà lórí tábìlì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó gbé awò náà padà sójú, ó sì wo ọkùnrin náà dáadáa.

"Ẹ ṣé o, Ẹnjiníà," ó wí. "Ojú tí mo fi ń wò yín yìí, ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ gbà á wá fún mi."